Ọ̀kadà gígùn nígbà òjò ní Ìlọrin àti Gúúsù Kwara: Àwọn ìbéèrè tí wọ́n ń bi mí jù

Láti Ganmọ ni mo ti ń gun ọ̀kadà mi lọ síbi iṣẹ́ ní Tánkẹ̀, ẹ̀ẹ̀rùn àti òjò. N kì í fi kérò. Iṣẹ́ ni mo fi ń lọ, òun náà ni mo fi ń bọ̀. Ìbéèrè kan náà làwọn ará iṣẹ́ àti àwọn aládùúgbò ń bi mí lọ́dọọdún bójú ọ̀run bá ti ń ṣú, ni mo fi kó wọn jọ síbí.

Ṣé ó tiẹ̀ yẹ kéèyàn máa gun ọ̀kadà nínú òjò?

Bó bá jẹ́ òjò wẹliwẹli, tí ẹ sì ń ríran iwájú dáadáa, ẹ lè máa lọ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Bó bá di ọ̀wààrà, tí ẹ ò rí ẹ̀yìn ọkọ̀ tó wà níwájú yín mọ́, tàbí tí ẹ̀fúùfù ń ti ọ̀kadà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ẹ yà kúrò lójú títì kẹ́ ẹ dúró. Òjò líle tibí kì í sábà le títí. Bó bá fi wákàtí kan da omi sílẹ̀, ó máa ń rọlẹ̀.

Mo mọ ohun tó ń lé wa sáré: ọ̀gá tó ń wo aago, ọmọ tó ń dúró nílé ìwé, ọjà tó yẹ ká ti pàtẹ. Ẹ pe ibi iṣẹ́ kẹ́ ẹ sọ pé òjò ká yín mọ́ ọ̀nà. Gbogbo àwọn tí mo rí tó ṣubú nínú òjò lójú mi, ẹni tó ń kánjú ni wọ́n.

Oṣù wo ni kí n ti múra sílẹ̀?

Oṣù Kẹta. Ní Ìlọrin, òjò máa ń bẹ̀rẹ̀ láti ìparí Oṣù Kẹta tàbí inú Oṣù Kẹrin, ó sì ń lọ títí di Oṣù Kẹwàá. Ó máa ń sinmi díẹ̀ nínú Oṣù Kẹjọ, kó tó wá rọ̀ gidi nínú Oṣù Kẹsàn-án. Ẹ tún táyà, búrèkì àti iná ṣe kí òjò àkọ́rọ̀ tó dé, torí bó bá ti rọ̀ tán, gbogbo ayé ló máa dà bo mẹkáníìkì lọ́jọ́ kan náà.

Kí ni kí n wọ̀?

Kóòtù òjò tó ní ẹ̀wù lọ́tọ̀, tó ní ṣòkòtò lọ́tọ̀. Èyí tí wọ́n ń kó bọ orí bí agbádá yẹn dára fún ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn. Lórí ọ̀kadà, atẹ́gùn máa ń gbé e sókè bo ojú èèyàn, etí rẹ̀ sì lè kó sí ṣéènì. Àwọ̀ tó ń tàn ni kẹ́ ẹ rà, bí ìyeyè tàbí àwọ̀ ọsàn. Kóòtù dúdú nínú òjò ìrọ̀lẹ́, bí ẹni tó fara pamọ́ fún awakọ̀ tírélà ni.

Bàtà róbà tó ga dé agbede ojúgun ló dára jù. Sílípáàsì á yọ̀ kúrò lórí ìtẹ̀sẹ̀ nígbà tẹ́ ẹ bá fẹ́ tẹ búrèkì ẹ̀yìn, ìgbà yẹn gan-an lẹ sì nílò ẹsẹ̀ yín. Ẹ ká aṣọ iṣẹ́ sínú ọ̀rá, kẹ́ ẹ tún ki ọ̀rá yẹn bọ ọ̀rá mìíràn kó tó wọ inú báàgì. Fóònù náà, inú ọ̀rá ni.

Ní ti akoto, ẹ jẹ́ kó jẹ́ èyí tó ní tìmùtìmù nínú, kẹ́ ẹ sì so okùn rẹ̀. Nígbà tí Àjọ Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó fọwọ́ líle mú òfin akoto ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2009, àwọn ọlọ́kadà kan níbòmíì de igbá mọ́rí kí wọ́n lè kọjá. Akoto fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí kò ní nǹkan kan nínú, tí okùn rẹ̀ ti já, kò yàtọ̀ sí igbá yẹn bí orí bá balẹ̀.

Ṣé ẹni tó jókòó sẹ́yìn lè ṣí agbòjò?

Rárá. Ẹ̀fúùfù kan ṣoṣo ló máa fi agbòjò yẹn fa òun àti ẹ̀yin méjèèjì lọ sójú ọ̀nà ọkọ̀. Kí òun náà wọ kóòtù, tàbí kẹ́ ẹ jọ dúró kí òjò dá.

Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ pé táyà mi ṣì lè gba òjò?

Ojú ìlà tó wà lára táyà ni omi ń gbà kúrò lábẹ́ rẹ̀. Bí ìlà bá ti parẹ́, orí omi ni táyà á máa yọ̀ lọ láìkan ọ̀dà. Ẹ ki orí igi ìṣáná bọ inú ìlà ní agbede táyà ẹ̀yìn. Bí gbogbo ibi tó dúdú lórí ìṣáná yẹn bá yọ síta, táyà ti kú. Ẹ tún wo inú ìlà fúnra rẹ̀: ẹ máa rí róbà kékeré kan tó dábùú. Ọjọ́ tí ojú táyà bá ti jẹ dé ọ̀gangan rẹ̀ ni ọjọ́ pípààrọ̀.

Ọjọ́ orí táyà ṣe pàtàkì, kódà bí ìlà rẹ̀ ṣì jinlẹ̀. Lára rẹ̀, lẹ́yìn lẹ́tà DOT, nọ́ńbà mẹ́rin kan wà lópin. Bí ẹ bá rí 2321, ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2021 ni wọ́n ṣe é. Táyà tó ti pẹ́ lórí àtẹ, tí oòrùn ti pa, máa ń le bí igi, ohun tó bá sì le kì í di títì tó tutù mú. Tòkunbọ̀ lẹ rà? Ẹ ka nọ́ńbà yẹn kẹ́ ẹ tó sanwó. Bí ẹ bá sì rí táyà tó ti dán tẹ́lẹ̀ tí ẹnì kan fi ọ̀bẹ la ìlà sí lójú, ẹ má gbà á lọ́fẹ̀ẹ́ pàápàá. Ara róbà tó yẹ kó dáàbò bo tíúbù ni wọ́n gé kúrò yẹn.

Wọ́n ní kí n dín atẹ́gùn táyà kù kó lè di ilẹ̀ mú. Òótọ́ ni?

Kì í ṣe òótọ́ lórí títì. Táyà tí atẹ́gùn rẹ̀ kéré máa ń fẹ̀ sílẹ̀, àwọn ìlà rẹ̀ á pa dé, omi ò sì ní ríbi gbà. Ẹ jẹ́ kí fọ́kanáísà fún un ní ìwọ̀n tí ìwé ọ̀kadà yín sọ, láàárọ̀ nígbà tí táyà ṣì tutù. Ti ẹ̀yìn máa ń ju ti iwájú lọ, pàápàá bẹ́ ẹ bá ń gbé èèyàn.

Kí ló dé tí òjò àkọ́rọ̀ fi ń gbé èèyàn ṣubú ju òjò Oṣù Kẹsàn-án lọ?

Láti Oṣù Kọkànlá ni eruku ọyẹ́, ọ́ìlì tó ń kán lára ọkọ̀ àti róbà tó ń jẹ lára táyà ti ń kó jọ sójú títì. Bí òjò díẹ̀ bá kán sí i, gbogbo rẹ̀ á pò pọ̀ di ohun tó ń yọ̀ bí ewédú. Ìṣẹ́jú bíi 15 sí 20 àkọ́kọ́ ló burú jù. Bí òjò bá rọ̀ gan-an fún bí ìdajì wákàtí, ó máa fọ títì mọ́, ibẹ̀ á sì dára díẹ̀.

Nítorí náà, òjò wínníwínní tí àwọn èèyàn ò kà sí, tó kàn mú ojú ọ̀nà tutù láìfọ̀ ọ́, òun ni mo bẹ̀rù jù. Bí ẹ bá rí ohun tó ń dán bí òṣùmàrè lórí omi, ọ́ìlì ni. Ẹ yà fún un kó tó kù díẹ̀, ẹ má dúró dìgbà tẹ́ ẹ bá dé orí rẹ̀.

Búrèkì wo ni kí n lò, tiwájú ni tàbí tẹ̀yìn?

Méjèèjì. Ẹni tó kọ́kọ́ kọ́ wa ní ọ̀kadà ló bà á jẹ́ fún wa, tó ní ká má fọwọ́ kan tiwájú láé, pé ó ń dojú èèyàn dé. Bí ọ̀kadà bá fẹ́ dúró, iwájú ni ẹrù ń wọ́ lọ, táyà iwájú ló sì ń di ilẹ̀ mú jù. Ẹni tó bá ń lo tẹ̀yìn nìkan á rìn jìnnà kó tó dúró, táyà ẹ̀yìn á sì máa já bọ́ lábẹ́ rẹ̀, sọ́tùn-ún sósì.

Ọ̀nà tẹ́ ẹ fi ń fà á ló yẹ kó yí padà nígbà òjò. Ẹ kọ́kọ́ tú ọwọ́ iná sílẹ̀, kí ẹ́ńjìnnì fúnra rẹ̀ dín eré kù. Ẹ má fa kilọ́ọ̀ṣì mọ́ ọn, torí ẹ́ńjìnnì ò ní lè bá yín dá a dúró. Lẹ́yìn náà ẹ fi ẹsẹ̀ kan tẹ̀yìn, kẹ́ ẹ wá fi ìka méjì fún tiwájú bí ìgbà téèyàn ń fún ọsàn: díẹ̀díẹ̀, kò gbọdọ̀ jẹ́ gbàgà. Bí ọ̀kadà ti ń wolẹ̀ síwájú lẹ máa mọ̀ pé táyà ti di ilẹ̀ mú, ìgbà yẹn lẹ lè fi kún agbára ọwọ́.

Ìlọrin ni wọ́n ń kì pé ẹṣin leégún ilé baba wọn. Àwọn tó bá mọ ẹṣin gùn mọ̀ pé wọn kì í já ìjánu lójijì, ẹranko á fò sókè. Bẹ́ẹ̀ náà ni ìjánu ọ̀kadà rí.

Ẹ parí búrèkì yín nígbà tí ọ̀kadà ṣì dúró ṣánṣán. Bẹ́ ẹ bá ti dà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ láti ya kọ́nà, ẹ má fọwọ́ kan tiwájú mọ́. Bí ojú ọ̀nà bá ṣófo nírọ̀lẹ́ lẹ́yìn òjò, ẹ lọ fi eré kékeré dán an wò ní ẹ̀ẹ̀mẹwàá. Ọwọ́ tí kò tíì mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀ ò ní rántí rẹ̀ lọ́jọ́ tí ewúrẹ́ bá já wọ títì.

Báwo ni mo ṣe gbọ́dọ̀ jìnnà sí ọkọ̀ iwájú tó?

Ìlọ́po méjì ti ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ẹ mú òpó iná kan. Bí ìdí ọkọ̀ iwájú bá ti kọjá rẹ̀, ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í kà pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́: ení, èjì, ẹ̀ta, ẹ̀rin. Bẹ́ ẹ bá dé òpó yẹn kẹ́ ẹ tó ka ẹ̀rin, ẹ ti sún mọ́ ọn jù.

Ẹni tó ń sá eré 40 kìlómítà ní wákàtí kan ń rin bíi mítà 11 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan ṣoṣo. Kí ojú tó rí i, kí ọwọ́ tó gbọ́, mítà 11 ti lọ láìtíì fa búrèkì. Bẹ́ ẹ bá sì sọ eré di méjì, láti 30 sí 60, ọ̀nà tí búrèkì nìkan máa fi dá ọ̀kadà dúró á di ìlọ́po mẹ́rin. Kẹ̀kẹ́ Màrúwá ni kẹ́ ẹ ṣọ́ra fún jù láàárín ìgboro, torí bó bá rí kérò, ibi tó wà ló ń dúró sí.

Àwọn ibo lójú títì ló ń yọ̀ jù?

Ẹ jẹ́ n kà wọ́n bí mo ṣe ń bá wọn pàdé. Ìlà funfun tí wọ́n kùn sójú títì, pàápàá ibi tí àwọn èèyàn ti ń sọdá. Ìdérí irin. Irin tó dábùú níbi tí afárá ti so pọ̀. Ẹ gùn ún kọjá ṣánṣán, láìfa búrèkì, láìfi iná kún un. Ewé tútù lábẹ́ igi. Ìgbẹ́ màlúù, tó pọ̀ lọ́nà Àfọ̀n àti lọ́nà Àjàṣẹ́-Ìpo láàárọ̀.

Ibi tí tírélà ti ń dúró tàbí tó ti ń yípo lẹ́wu lọ́tọ̀. Dísẹ́ẹ̀lì ń dà sílẹ̀ lára tẹ́ǹkì wọn tó kún jù bí wọ́n bá yà. Ní ọ̀nà Ògbómọ̀ṣọ́ láti Ẹyẹnkọrin wọlé, n kì í gun àárín ọ̀nà gan-an níbi tí ọ́ìlì ti ń kán jù. Ipa táyà ọkọ̀ ni mo máa ń tọ̀. Ipa yẹn náà ni táyà àwọn ọkọ̀ ti fọn omi kúrò.

Irin rélùwéè. Ọ̀nà rélùwéè Èkó sí Kánò gba Ọ̀fà wá sí Ìlọrin, àwọn ará Ọ̀fà sì mọ ohun tí mò ń sọ. Irin tó tutù ò ní nǹkan tí táyà lè dì mú. Bí títì bá gé irin náà ní ìdábùú, kò sí wàhálà. Ibi tó bá ti gbà á ní ẹ̀gbẹ́ẹ̀gbẹ́ ni táyà iwájú ti ń bọ́ sáàárín irin àti ọ̀dà. Ẹ dín eré kù kẹ́ ẹ tó débẹ̀, ẹ wo ẹ̀yìn, kẹ́ ẹ wá yí orí ọ̀kadà kó lè gé irin yẹn bí àgbélébùú.

Èyí tó kù ni amọ̀ pupa tí àgbàrá máa ń wọ́ láti ọ̀nà àdúgbò wá sójú ọ̀dà. Láàárín Tánkẹ̀ àti Òkè-Odò, ọ̀pọ̀ ọ̀nà àdúgbò ló ti òkè sọ̀ kalẹ̀ bá títì. Bí òjò bá dá, amọ̀ yẹn á wà níbẹ̀, á dà bí ilẹ̀ lásán. Ọ̀pọ̀ ń ṣubú síbẹ̀ lẹ́yìn tí oòrùn ti yọ.

Omi bo ojú ọ̀nà. Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ bóyá mo lè gbà á kọjá?

Bẹ́ ẹ ò bá mọ ọ̀nà yẹn nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ẹ má gbà á nígbà omi. Bẹ́ ẹ bá mọ̀ ọ́n, ẹ dúró kí ọ̀kadà mìíràn tàbí mọ́tò kékeré kọ́kọ́ kọjá, kẹ́ ẹ wo ibi tí omi gùn ún dé. Bó bá ti dé agbede táyà, níbi tí irin àárín rẹ̀ wà, ẹ padà. Omi tó ń ṣàn yàtọ̀ sí omi tó dúró: èyí tó ń ṣàn tó sì dé orúnkún lè gba ọ̀kadà lábẹ́ èèyàn. Ní àwọn àdúgbò tó sún mọ́ odò Asà àti àwọn ìṣàn tó ń wọ inú rẹ̀, omi lè kún nígbà tí òjò ò tiẹ̀ rọ̀ níbi tẹ́ ẹ wà, torí òkè lọ́hùn-ún ló ti rọ̀.

Mo ti jìyà èyí. Ní àdúgbò kan nígboro, omi bo ojú ọ̀nà àti gọ́tà pọ̀, kò ju ọrùn ẹsẹ̀ lọ, ó pọ́n bíi tíì. Mo rí ike omi kan tó ń yí po lójú kan, kò bá omi lọ. Mi ò kà á sí. Ojú gọ́tà tí ẹnì kan ti ṣí ìdérí rẹ̀ kúrò ni, ibẹ̀ ni omi ń rọ́ wọ̀ tó fi ń yí ike yẹn. Táyà iwájú já sí i, èmi gba orí ọ̀kadà kọjá, orúnkún mi òsì sì wú fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Láti ìgbà yẹn, ohunkóhun tó bá ń yí po lójú kan lórí omi, ọ̀rá ni o, ewé ni o, ihò ló wà lábẹ́ rẹ̀ lójú mi.

Bẹ́ ẹ bá ní láti kọjá: àárín ọ̀nà, jíà kìíní, ẹ jẹ́ kí iná wà bákan náà láìtú u sílẹ̀, kí omi má bàa gba sálẹ́ńsà wọlé. Ẹ má tẹ̀ lé ọkọ̀ ńlá pẹ́kípẹ́kí, ìgbì rẹ̀ á dé bá yín.

Mo la omi kọjá, búrèkì mi ò wá mú mọ́.

Omi ti wọ inú rẹ̀ ni. Ọ̀pọ̀ ọ̀kadà tí à ń gùn níbí, bíi Bajaj Boxer, ṣúù tó wà nínú irin àárín táyà ni búrèkì wọn, omi tó bá sì wọ ibẹ̀ kì í tètè jáde. Bẹ́ ẹ bá ti jáde nínú omi, ẹ máa lọ díẹ̀díẹ̀, kẹ́ ẹ fi ọwọ́ àti ẹsẹ̀ fa búrèkì fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́ẹ́rẹ́ títí ooru á fi gbé omi náà lọ. Ẹ dán an wò kẹ́ ẹ tó dà pọ̀ mọ́ àwọn ọkọ̀. Èyí tó jẹ́ àwo irin níta máa ń tètè gbẹ.

Ọ̀kadà kú sínú òjò, kò ṣiná mọ́. Kí ni kí n kọ́kọ́ wò?

Pulọ́ọ̀gì. Ẹ fa fìlà róbà orí rẹ̀ jáde, ẹ nu inú rẹ̀ àti orí pulọ́ọ̀gì gbẹ, ẹ fẹ́ afẹ́fẹ́ sí i, kẹ́ ẹ tì í padà títí tẹ́ ẹ ó fi gbọ́ kọ̀. Nínú ọ̀kadà mẹ́wàá tó kú sínú òjò, èyí tó pọ̀ jù ló máa dáhùn síbẹ̀. Bí wáyà rẹ̀ bá ti là, okùn iná á máa sá lọ sára irin. Ẹ pààrọ̀ rẹ̀, ẹ má fi téèpù pa á mọ́ra títí ọdún á fi yípo.

Bí iná bá wà tí kò sì gbà, ó lè jẹ́ pé omi ti wọ epo, bóyá láti ẹnu tẹ́ǹkì tí róbà rẹ̀ ti jẹ. Lábẹ́ kabúrétọ̀, ibi tí epo àti atẹ́gùn ti ń pò pọ̀, bóòtù kékeré kan wà. Ẹ jẹ́ kí sálẹ́ńsà kọ́kọ́ tutù, ẹ fi ife kan sábẹ́ rẹ̀, ẹ tú u díẹ̀. Omi wúwo ju pẹ́tírò lọ, òun ló máa kọ́kọ́ jáde. Ẹ máa rí i nísàlẹ̀ ife bí ìlẹ̀kẹ̀. Nígbà tó bá di epo lásán, ẹ dè é padà.

Dígí akoto mi ń hó, n kì í ríran lálẹ́.

Èémí yín ló ń di omi lára rẹ̀. Ẹ ṣí dígí yẹn ní ìwọ̀n ìka kan kí atẹ́gùn lè wọlé. Nílé, ẹ fi ọṣẹ gbígbẹ pa inú rẹ̀, kẹ́ ẹ wá fi aṣọ rírọ̀ nù ún títí ọṣẹ ò fi ní hàn mọ́. Ó máa ń fara dà á fún ọjọ́ bíi mélòó kan. Dígí tó ti ha ò dára fún alẹ́ òjò, torí iná ọkọ̀ á tú yẹ́ẹ́ sí i lójú. Ẹ pààrọ̀ rẹ̀.

Ẹ tan iná iwájú lọ́sàn-án nínú òjò, kó rọ̀ sílẹ̀, kẹ́ ẹ sì máa nu amọ̀ kúrò lójú iná ẹ̀yìn. Òun ni tírélà ń wò.

Ṣé mo lè gbé ìyàwó mi àtọmọ nínú òjò?

Ẹnì kan péré ni ìjókòó ẹ̀yìn wà fún, mo sì bẹ̀ yín, ẹ má gbé ọmọ ọwọ́ nínú òjò. Ẹ bá wọn wọ mọ́tò lọ́jọ́ yẹn, kẹ́ ẹ fi ọ̀kadà sílẹ̀. Mo mọ̀ pé owó ni.

Bó bá jẹ́ àgbàlagbà, kí obìnrin ká ìró rẹ̀ sókè, kó sì fi hijabu tàbí ìborùn sínú kóòtù kó má bàa fò wọ ṣéènì. Kí ẹni ẹ̀yìn di yín mú níbàdí, kó má ṣe máa gbé ara sẹ́gbẹ̀ẹ́ kejì nígbà tẹ́ ẹ bá ń ya. Ẹ sọ èyí fún un kí ọ̀kadà tó ṣí. Kẹ́ ẹ sì rántí pé pẹ̀lú èèyàn méjì, ẹ máa rìn jìnnà kẹ́ ẹ tó dúró.

Níbo ni kí n dúró sí bí òjò bá le?

Lábẹ́ òrùlé ilé epo, tàbí ìta ilé ìtajà tó ní ògiri. Abẹ́ afárá Post Office dára, bẹ́ ẹ bá gbé ọ̀kadà kúrò lójú ọ̀nà pátápátá. Mo ti rí i tí ọ̀kadà ogún dí ìdajì ọ̀nà lábẹ́ afárá, tí ọkọ̀ tó ń ti inú òjò bọ̀ ò sì rí wọn títí tó fi dé ọ̀dọ̀ wọn.

Ẹ má dúró lábẹ́ igi nígbà àrá, kódà bó jẹ́ igi máńgòrò tó ní ibòòji dáadáa. Páálí ìpolówó ńlá àti páànù tó ti tú náà ò ṣe é sún mọ́ nígbà ìjì. Bí ìjì bá ká yín mọ́ ìta gbangba, bí ọ̀nà Àmọ́yọ̀ sí Ìdófìán, ẹ bọ́ sílẹ̀ lórí ọ̀kadà, ẹ lọ sínú ilé àkọ́kọ́ tẹ́ ẹ bá rí. Wọ́n á gbà yín. Mi ò tíì kanlẹ̀kùn nígbà òjò lápá ibẹ̀ kí wọ́n má fún mi ní àga.

Ọ̀nà abúlé tí kò ní ọ̀dà ńkọ́?

Àwọn ará Òmù-Àrán, Ìgbàjà àti Òrò ló sábà ń bi mí, nítorí ọ̀nà oko. Ilẹ̀ pupa tó tutù ní òkè, tó ṣì le nísàlẹ̀, ni baba gbogbo wọn. Amọ̀ á lẹ̀ mọ́ táyà, á dí gbogbo ìlà rẹ̀, táyà á wá dà bí ìgò tí wọ́n fi ọṣẹ pa. Ẹ dúró lóòrèkóòrè kẹ́ ẹ fi igi ha á kúrò, pàápàá lábẹ́ irin tó bo táyà iwájú. Bó bá kún ibẹ̀, táyà ò ní lè yí mọ́.

Jíà kejì, iná díẹ̀, ẹsẹ̀ méjèèjì sún mọ́ ilẹ̀. Ẹ wọ ipa táyà kan kẹ́ ẹ má kúrò nínú rẹ̀. Ibi tí èèyàn ti ń fò láti ipa kan sí òmíràn ló ti ń ṣubú. Ibi tí koríko bá hù sí láàárín ọ̀nà máa ń di táyà mú ju amọ̀ lásán lọ. Bẹ́ ẹ bá ń sọ̀ kalẹ̀, búrèkì ẹ̀yìn àti ẹ́ńjìnnì ni kẹ́ ẹ gbára lé. Níbí nìkan ni mo ti máa sọ pé kẹ́ ẹ fọwọ́ kúrò lára tiwájú.

Ọ̀kadà ti bẹ̀rẹ̀ sí í yọ̀ lábẹ́ mi. Kí ni kí n ṣe?

Bó bá jẹ́ pé búrèkì ẹ̀yìn lẹ tẹ̀ tí ìdí rẹ̀ ń já, ẹ rọra tú ẹsẹ̀, ẹ jẹ́ kí táyà tún máa yí. Bó bá jẹ́ tiwájú ló ti gan, ẹ tú ọwọ́ lójú ẹsẹ̀, kẹ́ ẹ tún wá fún un pẹ̀lú ọwọ́ tó rọ̀. Bó bá jẹ́ pé iná tẹ́ ẹ fún un ló mú táyà ẹ̀yìn fọn, ẹ dín in kù díẹ̀, ẹ má pa á lójijì.

Ẹ gbójú sókè síbi tẹ́ ẹ fẹ́ lọ. Ibi tójú bá wò lọ̀kadà ń lọ. Ẹni tó bá tẹjú mọ́ gọ́tà, inú gọ́tà ló ń já sí. Ẹ má tètè fi ẹsẹ̀ gbọ́nlẹ̀ láti dá a dúró, eegun ẹsẹ̀ ló máa gba gbogbo agbára yẹn. Bó bá sì ti lọ pátápátá, ẹ jù ú sílẹ̀. Ẹ má dì í mú tẹ̀ lé e lọ sábẹ́ ọkọ̀.

Mo rí ẹni tó ṣubú nínú òjò. Báwo ni mo ṣe máa ràn án lọ́wọ́?

Ẹ kọ́kọ́ jẹ́ kí àwọn ọkọ̀ tó ń bọ̀ mọ̀: ẹ rán ẹnì kan lọ sẹ́yìn pẹ̀lú ewé tàbí aṣọ tó ń tàn, kó máa fì í. Ẹ má fa akoto kúrò lórí rẹ̀, ẹ má sì gbé e ṣánṣán bí àpò gààrí, torí ọrùn àti ẹ̀yìn. Bó bá ń sọ̀rọ̀, ẹ jẹ́ kó dùbúlẹ̀ kẹ́ ẹ fi nǹkan bò ó lọ́wọ́ òjò. Bí ibi tó wà bá jẹ́ inú omi tàbí ojú ọ̀nà ọkọ̀, kí èèyàn mẹ́ta tàbí mẹ́rin jọ gbé e lẹ́ẹ̀kan, kí ẹnì kan di orí àti ọrùn rẹ̀ mú ní títọ́. Níbi tí ẹ̀jẹ̀ bá ti ń tú, ẹ fi aṣọ mímọ́ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ gan-an, ẹ má ṣí i wò.

Nọ́ńbà Àjọ Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó ni 122, ọ̀fẹ́ ni. 112 náà wà. Ẹ kọ ọ́ sẹ́yìn fóònù yín lónìí. Ilé ìwòsàn ẹ̀kọ́ṣẹ́ Yunifásítì Ìlọrin wà ní Òkè-Ose, lójú ọ̀nà Jẹ́bà àtijọ́, kò sí láàárín ìgboro mọ́ bí àwọn àgbà kan ṣe ṣì rò, ẹ fi ìyẹn sọ́kàn kẹ́ ẹ tó sọ fún awakọ̀ ibi tó máa gbé e lọ.

Kí ni kí n ṣe sí ọ̀kadà bí mo bá délé?

Ẹ bu omi sí i kí amọ̀ tó gbẹ, ẹ nu ṣéènì, kẹ́ ẹ jẹ́ kó gbẹ. Ẹ wá kán ọ́ìlì jíà sí i nígbà tí ó ṣì lọ́wọ́ọ́rọ́. Ọ́ìlì kọ́ńdẹ́ḿ, èyí tí ẹ́ńjìnnì ti lò tán, tí ọ̀pọ̀ ń lò kún fún ìdọ̀tí irin tó ń jẹ ṣéènì, ó sì ń ta sí táyà ẹ̀yìn. Lọ́sẹ̀ ọ̀sẹ̀, ẹ kán ọ́ìlì sínú wáyà búrèkì àti ti kilọ́ọ̀ṣì. Tí wáyà bá dípẹtà, búrèkì á fà, kò sì ní padà.

Ọ̀kadà mi rì sínú àgbàrá mọ́jú. Ṣé kí n kíìkì í?

Ẹ má kíìkì í, ẹ má sì tẹ bọ́tìnnì. Èyí ni àṣìṣe tó ń náni lówó jù. Omi kì í fún pọ̀ bí atẹ́gùn. Bó bá wà lórí písítìnnì tẹ́ ẹ sì fi agbára kíìkì í, ọ̀pá tó gbé písítìnnì lè tẹ̀, ẹ́ńjìnnì ti lọ nìyẹn.

Ẹ yọ wáyà bátìrì. Ẹ tú pulọ́ọ̀gì kúrò pátápátá, ẹ wá fọwọ́ rọra tẹ kíìkì náà sílẹ̀ léraléra; omi á máa tú jáde lójú pulọ́ọ̀gì, ẹ máa tẹ̀ ẹ́ títí kò fi ní sí mọ́. Ẹ tú omi inú sálẹ́ńsà, ti fílítà afẹ́fẹ́ àti ti kabúrétọ̀. Fílítà tó jẹ́ fóòmù, ẹ fún un, ẹ fọ̀ ọ́, kó gbẹ.

Lẹ́yìn náà ẹ yọ ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì wò. Bó bá funfun bíi tíì tí wọ́n da mílíìkì sí, omi ti dà pọ̀ mọ́ ọn. Ẹ dà á nù, ẹ da tuntun sí i, ẹ jẹ́ kó ṣiṣẹ́ fún ìṣẹ́jú mélòó kan láìgùn ún, kẹ́ ẹ tún yọ ìyẹn náà. Bó bá ṣì funfun, ẹ tún ṣe é lẹ́ẹ̀kan sí i. Ọ́ìlì ìgbà méjì tàbí mẹ́ta yẹn kò tó ìdámẹ́wàá owó ẹ́ńjìnnì. Ṣúù búrèkì, bẹ́ríìnì táyà méjèèjì àti gíríìsì wọn ni mẹkáníìkì máa wá ṣí wò lẹ́yìn ìyẹn, kẹ́ ẹ tó tún gbé e jáde sójú títì.